Oṣó Orí Ìwé àti Oṣó Inú Yàrá

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa ní Surulere, Yaba àti Mushin. Bí a bá sì dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí eré kan tí àwọn ọmọ wa ń ṣe. Wọn a jókòó yí tábìlì ká, àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún, pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ẹnìkan a máa pa ìtàn, àwọn tí ó kù a sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tiwọn ṣe nínú rẹ̀. Ọ̀kan a ní jagunjagun ni òun. Ọ̀kan a ní ọdẹ ni òun. Ọ̀kan a ní oṣó ni òun, òun mọ ọfọ̀ tí ń da iná sílẹ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn oníwàásù kan ti gbé ọ̀rọ̀ náà gun orí mínńbárì. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá kọ oṣó sí orí bébà, orúkọ ara rẹ̀ ni ó kọ sí inú ìwé àwọn onísìhírì. Àwọn òbí gbọ́, wọ́n fa bébà ya, wọ́n gba fóònù, wọ́n na ọmọ. Èmi kò bá wọn rò ó bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Oṣó tí a ń lé kiri yìí kì í ṣe oṣó. Oṣó tí ó jẹ́ oṣó ń bẹ láàárín wa, a mọ ilé rẹ̀, a ń kí i, a sì ń san owó fún un.

KÍ NI WỌ́N Ń KỌ SÍ ORÍ BÉBÀ NÁÀ?

Ẹni tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ kò yẹ kí ó dá ẹjọ́ rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ kan ní ilé kéwú mi mú bébà náà wá, kí wọ́n sì ka òfin eré náà sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀. Dungeons & Dragons ni orúkọ èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson, àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé e jáde ní 1974. Ní oṣù January 2023, iléeṣẹ́ tí ó ni ín fi ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò láìsan owó. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Mushin tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ fi lè kà á lórí fóònù bàbá rẹ̀.

Bí ọmọ bá fẹ́ ṣẹ̀dá oṣó fún eré náà, nǹkan mẹ́fà ni yóò kọ́kọ́ kọ: agbára ara, ìyára ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìfaradà, òye ìwé, ọgbọ́n inú, àti bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe ń wọ ènìyàn lára tó. Nínú ìlànà tí wọ́n tẹ̀ ní 2014, òǹkà mẹ́fà wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ ju dáìsì: 15, 14, 13, 12, 10 àti 8. Ọmọ náà ni yóò pín wọn fúnra rẹ̀. Kò lè fi 15 sí ibi gbogbo. Oṣó tí ń ti inú ìwé mọ iṣẹ́ rẹ̀, òye ìwé ni ó yẹ kí ó gba 15. 8 náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibìkan, agbára ara ni ọ̀pọ̀ ń fi í sí. Jagunjagun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkà ẹ̀mí 10. Oṣó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, kí á tó ro ti ìfaradà mọ́ ọn. Bí igi kan bá wó lù ú, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí.

Ọfọ̀ ńlá mẹ́fà ni ó wà nínú ìwé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni agbára rẹ̀ gbé e láti pe irú wọn kí ó tó di pé ó ní láti sinmi. Bí ìwé náà bá sọnù, kò lè pààrọ̀ àwọn ọfọ̀ tí ó ti múra sílẹ̀ mọ́. Ọfọ̀ sì ní ohun tí ó ń béèrè: ọ̀rọ̀ ẹnu, ìjúwọ́, tàbí èròjà, òmíràn ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ń da iná ńlá sílẹ̀, ìgbẹ́ àdán àti imí ọjọ́ ni èròjà rẹ̀.

Mo wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè nínú ọfọ̀ náà títí. Kò sí. Ìwé náà sọ pé oṣó sọ̀rọ̀, kò sọ ohun tí ó sọ. Orúkọ ọfọ̀ ni wọ́n kọ, bí ó ṣe lè jìnnà tó, àti òǹkà tí yóò yọ kúrò lára ẹni tí ó bá bà. Ọmọ a ní, “Mo ju iná.” Wọn a ṣírò, wọn a ní ẹranko abàmì náà ku 11. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣirò ni. Àròpọ̀ àti àyọkúrò tí a ń bẹ àwọn ọmọ wa kí wọ́n ṣe ní ilé ìwé tí wọn kì í fẹ́ ṣe, òun náà ni wọ́n ń ṣe fún wákàtí mẹ́ta láìsí ẹgba.

ÌTÀN ONÍDÁN KÒ SỌ ÈNÌYÀN DI ONÍDÁN

Wọ́n ní sìhírì ni. Mo bi wọ́n léèrè: kí ni à ń pè ní sìhírì? Nínú Súrátù-l-Bákárà, àáyà 102, Ọlọ́hun sọ fún wa nípa iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn kọ́ ní Bábílì. Wọ́n kọ́ ohun tí wọ́n fi ń tú ọkọ àti ìyàwó ká. Wọ́n kọ́ ohun tí ń pa ènìyàn lára tí kò sì ní àǹfààní. Wọ́n sì ta ìpín wọn ní ọ̀run nítorí rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀: ẹni tí wọ́n ṣe é sí, ibi tí wọ́n gbèrò, àti ìgbàgbọ́ tí wọ́n tà. Ẹ fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọmọ tí ó jókòó sí ìdí tábìlì. Ta ni ó ṣe é sí? Ẹranko tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Ibi wo ni ó gbèrò? Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má kú nínú ìtàn. Ẹ̀mí wo ni ó bẹ̀? Kò bẹ ẹ̀mí kankan.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó sọ ìtàn onídán ti di onídán, àwa olùkọ́ kéwú ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àwa ni à ń sọ fún ọmọ ọdún méje bí àwọn onídán Firiaona ṣe ju okùn àti ọ̀pá sílẹ̀, tí ojú àwọn ènìyàn rí wọn bí ohun tí ń rìn, àti bí ọ̀pá Ànábì Músà ṣe gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ wá wo ilé kéwú wa nígbà tí a bá jáde ní Àsárì. Ọmọ kan a mú igi, a ní òun ni Músà. Àwọn tí ó kù a di onídán, wọn a ju bẹ́líìtì sílẹ̀. Ta ni ó ti gbọ́ rí pé ọmọ tí ó ṣe onídán nínú eré yẹn di kèfèrí?

Àwa tí a rìn jìnnà díẹ̀ nínú èdè Lárúbáwá mọ Màkámàtì Al-Hariri, ọmọ Basra tí ó kú ní 1122. Ìtàn 50 ni ó wà nínú rẹ̀. Abu Zayd tí wọ́n dá lé lórí, ẹlẹ́tàn paraku ni. Ọ̀rọ̀ dídùn ni ó fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ní ìlú yìí a di afọ́jú, ní ìlú kejì a di oníwàásù. Àwọn olùkọ́ wa fi ìtàn rẹ̀ kọ́ wa ní èdè, wọn kò fi kọ́ wa ní jìbìtì.

Ìyá wa Áíṣà ńkọ́? Abu Dawud gbà á wá pé nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ogun dé, ó rí àwọn ọmọláńgidi Áíṣà. Ó rí ẹṣin kan láàárín wọn tí ó ní ìyẹ́ méjì tí wọ́n fi àkísà ṣe. Ó béèrè bóyá ẹṣin máa ń ní ìyẹ́. Ìyá wa dá a lóhùn pé ṣé kò tíì gbọ́ pé àwọn ẹṣin Ànábì Sulaimọ́n ní ìyẹ́ ni. Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀gàn rẹ̀ fi hàn. Kò fa ẹṣin ya. Kò ní kí ó ṣe túúbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa bébà ọmọ ya, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ní ìtara ẹ̀sìn jù ú lọ?

Ẹ jẹ́ kí á tún wá sí ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún ni a ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fagunwa tẹ̀ jáde ní 1938. Ẹ rántí àwọn ọdẹ tí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkò ni alágbára oníkùmọ̀. Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n. Ohùn orin ni ti Olóhùn-iyọ̀. Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ọfà ni ti Ẹ̀fọ́ìyẹ̀. Àràmàdà-ọkùnrin wà níbẹ̀, Àkàrà-ògùn olóògùn náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè dá ìrìn náà rìn; ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì mú wá. Bí wọ́n ṣe ń to ẹgbẹ́ nínú eré àwọn ọmọ yìí gan-an nìyẹn. Ọdún 36 kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbé tiwọn jáde ni tiwa ti wà ní ilé ìwé. A kà á, a sì ń kí ìrun wa.

NÍPA DÁÌSÌ

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún ju ti sìhírì lọ, àwọn tí ń pariwo kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á: dáìsì ni. Hàdíìsì wà nínú ìwé Imáàmù Málíìkì àti Abu Dawud pé ẹni tí ó bá ta nárdì ti ṣẹ Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nárdì sì jẹ́ eré tí wọ́n ń fi dáìsì ta. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní èèwọ̀ ni, ìbáà má sí owó níbẹ̀. Díẹ̀ ní ìkórira ni bí kò bá ti sí tẹ́tẹ́. Èmi fara mọ́ ọn pé kí ọmọ Mùsùlùmí jìnnà sí i.

Àmọ́ dáìsì kọ́ ni eré náà. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé òǹkà mẹ́fà wà tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ láìju nǹkan kan. Ní ti èyí tí ó kù, kí àwọn ọmọ kọ 1 dé 20 sí orí bébà kéékèèké, kí wọ́n ká a, kí wọ́n dà á sínú abọ́, kí wọ́n máa fà á. Gègé ṣíṣẹ́ nìyẹn. Ó wà nínú Bukhari pé Ànábì máa ń ṣẹ́ gègé láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀ bí ó bá fẹ́ rin ìrìn-àjò, kí ó lè mọ ẹni tí yóò bá a lọ. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí á fi gègé wádìí ohun tí ó pamọ́, tàbí kí á fi jẹ owó ara wa. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ náà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi gé bébà tiwọn.

Ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Agbo ilé mélòó ni kò ní lúdò ní Mushin? Ta ni ó ti gun mínńbárì rí nítorí lúdò? Àwọn bàbá ń ta á lábẹ́ igi ní ọjọ́ Àìkú, owó wà nílẹ̀, Àsárì ń kọjá. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Eré tí kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ni a wá rí gbé dìde ogun sí.

IBI TÍ MO TI BÁ WỌN FẸNU KÒ

Èmi kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú eré náà ni ó dára fún ọmọ wa. Àwọn apọfọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe irú kan náà. Irú kan wà tí ó ń ti inú ìwé kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Irú kan wà tí wọ́n bí i mọ́. Irú kan wà tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ òrìṣà tí wọ́n finú rò, òun ni àlùfáà òrìṣà náà. Irú kan tún wà tí ó bá ẹ̀dá abàmì kan mulẹ̀, tí ẹ̀dá náà sì ń fún un ní agbára nítorí májẹ̀mú náà.

Mo sọ ọ́ láìfi igbá bọ̀ ọ́: méjì ìkẹyìn yìí, kí ọmọ Mùsùlùmí fi wọ́n sílẹ̀. Kò yẹ kí ẹnu tí ń ṣe kálímà máa yin òrìṣà, ìbáà jẹ́ nínú eré. Kò sì yẹ kí ọmọdé mú májẹ̀mú pẹ̀lú ẹ̀mí àìrí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ènìyàn fi ń ga. Kí wọ́n má sì fa àáyà Àlùkùránì tàbí orúkọ Ọlọ́hun wọ inú ọfọ̀ eré. Bí ìpè ìrun bá dún, kí wọ́n pa ìwé dé. Ẹni tí ó bá ń kọ oṣó, kí ó kọ oníwèé: ẹni tí òye rẹ̀ ga, tí ara rẹ̀ kò le, tí kò lè dá nǹkan ṣe láìsí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìmọ̀ rẹ̀ kò sì kọjá ohun tí ó jókòó kọ́. Òbí tí kò bá fẹ́ irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, irú èwo ni ó ń fẹ́?

Ariwo yìí kì í ṣe tuntun. Láàárín 1980 sí 1990, àwọn ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì kan ní Amẹ́ríkà pariwo pé eré náà ń sọ ọmọ di ẹrú èṣù. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ tún ìwé tẹ̀ ní 1989, wọ́n yọ orúkọ èṣù àti ànjọ̀nú kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ mìíràn dípò. Ṣé èṣù wá kúrò ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé eré? Wọ́n lé òjìji, wọ́n fi igi sílẹ̀. Àwa náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

OṢÓ INÚ YÀRÁ

Ẹ wá jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa igi náà.

Ọmọ kan wà ní ilé kéwú wa ní Surulere, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyá rẹ̀ fa bébà oṣó rẹ̀ ya ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin yìí kan náà rán an lọ sí Mushin kí ó lọ gba ọṣẹ kan wá lọ́dọ̀ àáfáà. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá dúdú. Ọṣẹ àwúre ni, kí ọjà rẹ̀ lè tà ju ti obìnrin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ náà wá bá mi ní ọjọ́ kejì. Ó ní, “Àáfáà, ẹ jọ̀ọ́, ọfọ̀ tèmi kò sí láyé. Èwo ni ti Màámi?”

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi dá ọmọ yìí lóhùn.

Eré náà ní ọfọ̀ tí ń sọ ènìyàn di àìrí. Àwọn baba wa pè é ní àfẹ́ẹ̀rí. Ó ní èyí tí ń gbé ènìyàn láti ibìkan dé ibòmíràn. Egbé ni wọ́n pè é. Àwọn ọmọ wa kò gbọ́ àfẹ́ẹ̀rí àti egbé lẹ́nu òyìnbó. Ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ, nígbà tí à ń fi ìfẹ́ sọ bí bàbá àgbà ṣe lágbára tó. Ìyàtọ̀ kan wà: nínú eré ọmọ, kò sí ẹni tí ń tà á. Nínú tiwa, iye wà lórí rẹ̀.

Iye yẹn ni kí ẹ wò. Ẹ padà sí Súrátù-l-Árááfù. Kí ni àwọn onídán Firiaona kọ́kọ́ béèrè nígbà tí wọ́n dé ààfin? Wọ́n béèrè bóyá owó iṣẹ́ wà fún àwọn bí àwọn bá borí. Firiaona ní ó wà, ó tún ní òun yóò sọ wọ́n di ẹni tí ó súnmọ́ òun. Owó àti ipò. Ẹ ti mọ onísìhírì nípa ìbéèrè rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n nípa okùn rẹ̀. Lónìí, ẹ rìn láti Ojúẹlẹ́gba dé Ìdí-Òrò, kí ẹ máa ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri àti òpó iná: àwúre, ìfẹ́ àfipámúni, ẹjọ́ bíborí, owó kíákíá, nọ́ńbà fóònù lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn nínú wọn wé láwàní. Òmíràn pe ara rẹ̀ ní Ṣéù. Ìtúká ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n kọ́ ní Bábílì, òun náà ni wọ́n ń tà ní Mushin, wọ́n kàn fi Bísímílà bò ó lójú ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ẹni tí ó ka Fátíhà sí aláìsàn lára, tí ó bẹ Ọlọ́hun fún un, ó ṣe dáradára. Àdúrà ni ìyẹn. Àmọ́ ẹni tí ó ní kí o mú ẹyẹlé funfun wá, kí o kọ orúkọ ìyá ẹni tí o fẹ́ sọ di òmùgọ̀, kí o sin ín sí oríta, onísìhírì ni, ìbáà jẹ́ pé ó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Sìhírì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ méje tí ń pa ènìyàn run, Bukhari àti Muslim ni wọ́n gbà á wá. Ẹni tí ó bá lọ bá awoṣẹ́ tí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ìrun ogójì òru rẹ̀ kò ní gba, ìyẹn náà wà nínú Muslim. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ lóṣooṣù. Ìrun wo ni ó kù fún yín?

Ẹ rántí Àbúbákárì Sìdíìkì. Ìránṣẹ́ rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìránṣẹ́ sọ fún un pé owó iṣẹ́ awo tí òun tan ẹnìkan jẹ nígbà àìmọ̀kan ni òun fi rí i. Àbúbákárì ki ọwọ́ bọ ọ̀nà ọ̀fun, ó sì bì gbogbo ohun tí ó wà níkùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ kí ó tó jẹ ẹ́. Àwa mọ̀. A ń gbà á láti fi kọ́ mọ́ṣáláṣí. À ń pe ẹni tí ó gbé e wá sí iwájú, a ń kí i ní olówó àánú.

Èso rẹ̀ ti dé. Ní oṣù January 2022, ní Abẹ́òkúta, ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n pa ọmọbìnrin kan, tí wọ́n ń sun orí rẹ̀ nínú ìkòkò kí wọ́n lè fi ṣe owó. Ọ̀kan nínú wọn ní orí Facebook ni òun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní oṣù February ọdún náà, ilé aṣòfin kékeré ní Àbújá jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kí ìjọba kéde pàjáwìrì lórí ìpànìyàn fún ètùtù owó. Ní oṣù May 2024, àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ní orílẹ̀-èdè yìí kéde pé àwọn yóò fòfin de fíìmù tí ń gbé ètùtù owó lárugẹ. Mo ní ó dára. Àmọ́ bí a bá pa àwòrán rẹ́ tí ẹni tí ń tà á ṣì wà ní òpópónà, kí ni a ṣe?

Ẹ gbọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Kò sí bí ọmọ yóò ṣe gbàgbọ́ pé orí ènìyàn ń di owó bí kò bá ti kọ́kọ́ gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ àti èròjà ń di owó. Ta ni ó kọ́ ọ ní àkọ́kọ́ yẹn? Eré orí tábìlì kọ́ ọ pé oṣó máa ń rẹ̀, pé ọfọ̀ máa ń tán, pé ìwé ni yóò kà kí ó tó mọ̀, pé bí ó bá ku òun nìkan yóò kú. Ilé ni ó ti kọ́ pé ọṣẹ kan wà tí ń mú ọjà tà. Ilé ni ó ti kọ́ pé iṣẹ́ kò tó, pé ẹni tí ó là lọ ṣe nǹkan kan ni. Ọmọ tí ó gbọ́ èyí láti kékeré, tí ó wá di ọmọ ogún ọdún láìníṣẹ́, kò nílò ẹni tí yóò tì í. Ìyá rẹ̀ lọ fún ọṣẹ. Òun ń lọ fún èyí tí ó tóbi jù.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fa bébà ọmọ ya, ẹ kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ìrọ̀rí yín wò. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ tí ẹ kò lè ṣàlàyé fún ọmọ náà ní ojú mọ́mọ́, òun ni kí ẹ lọ sọ nù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jókòó, kí ẹ ní kí ó ka bébà tirẹ̀ fún yín. Ẹ bi í pé: ọfọ̀ yìí, ṣé o gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀ láyé? Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹ ti rí iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, ẹgba kò sì lè ṣe é fún yín.

Ẹ̀yin oníwàásù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lágbára láti dá wa lóhùn, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti bá a wí. Ẹ wàásù sí ẹni tí ó gbé owó àwúre wá sí àpótí mọ́ṣáláṣí. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Jímọ̀ kan ṣoṣo, kí á wo iye ènìyàn tí yóò dúró tẹ̀lé yín ní Jímọ̀ kejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe eré yín ní mímọ́. Ẹ fi dáìsì sílẹ̀, ẹ fi òrìṣà sílẹ̀, ẹ fi májẹ̀mú sílẹ̀, kí ẹ sì kí ìrun ní àkókò. Nígbà tí ẹ bá ń pín òǹkà yín, ẹ rántí pé ẹ̀yin náà, òǹkà ni Ọlọ́hun pín fún yín: níbì kan 15, níbì kan 8. Kò sí àáfáà tí ó lè ta 15 mìíràn fún yín. Ẹni tí ó bá ní òun lè tà á, òun ni oṣó tí wọ́n ní kí ẹ sá fún.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi ojú òtítọ́ hàn wá, kí ó sì fún wa ní agbára láti tẹ̀lé e. Àmín.